Ohùn Mi Ló Ní Afárá Ti Ṣí

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Mo ká ohùn ìkéde ìjọba ìbílẹ̀ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sílẹ̀ nínú yàrá ìkẹ́rùsí, láàárín fóòmù méjì tí mo fi bo ògiri kí ohùn má baà máa ta padà. Ooru ibẹ̀ lè se ẹyin. Ọkọ̀ akólẹ̀ yóò kọjá ní Ọjọ́rú, kí oníkálukú so ewúrẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì abẹ́rẹ́ ọmọdé ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Kànga ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì mu omi rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ afárá odò wa tó ti bàjẹ́, èyí tí gbogbo ará òdìkejì odò ń tẹ́tí sí.

Ẹnjinníà tó ń tún un ṣe kò rí ọ̀rọ̀ gidi kan sọ. "Ó lè jẹ́ Mọ́ńdè, ó lè má jẹ́ Mọ́ńdè." Mo wá ṣe bí mo ti máa ń ṣe, mo ká ìkéde méjì. Ọ̀kan ní afárá ti ṣí, ọkọ̀ ńlá lè kọjá láti àárọ̀ ọ̀la. Èkejì ní kò tíì ṣí, ẹ ní sùúrù. Bó bá di àárọ̀ Ajé, Rọra awakọ̀ á mú èyí tí mo bá ní kó mú, á gba ọ̀nà tóóró ibi ìfọ́kúta yí odò po lọ sí òdìkejì, á sì lò ó káàkiri pẹ̀lú gbohùngbohùn orí ọkọ̀. Fíláàṣì dúdú, èyí tí à ń kì bọ ẹ̀rọ ọkọ̀, ni mo máa ń ká "ó ti ṣí" sí, pupa ni ti "kò tíì ṣí". Lónìí, iná ń ṣẹ́jú, mo ń kánjú, pupa ló sún mọ́ ọwọ́ mi nígbà tí mo fẹ́ ká "ó ti ṣí". Mo ní kò burú, n ó rántí.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹfà

Mo gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn ojú. N kò gba àyè lọ́wọ́ Akọ̀wé Àgbà, torí mo mọ ohun tó máa sọ: "Ṣé ojú ìyá yín ni ìjọba ìbílẹ̀ fi ń ríran ni?" Mo yọ́ lọ ní tèmi. Oògùn ẹ̀kán ojú ti di ìlọ́po méjì iye tí a rà á lọ́dún tó kọjá.

Ẹnjinníà pè mí láàárọ̀ pé pákó orí afárá kò tíì pé, kò ṣeé kọjá. Àárín ìlà la wà tí Rọra náà fi pè.

"Èwo ni kí n mú, mà?"

"Pupa."

"Pupa. Ó dá yín lójú, mà?"

Nọ́ọ̀sì ti ń pe orúkọ Màmá. Mo ní, "Rọra, ìgbà wo ni mo ti ṣì ọ́ lọ́nà rí?"

"Kò ṣẹlẹ̀ rí, mà. Ẹ bá mi kí Màmá. Kí Ọlọ́run fún wọn lójú."

Wọ́n ti ṣe ojú ọ̀tún. Màmá kò sunkún, ṣùgbọ́n ó fún ọwọ́ mi pọ̀ títí ọwọ́ náà fi kú. Inú mi dùn dé ilé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹfà

Wọ́n ti ká tòmátò. Gbogbo òdìkejì odò ká tòmátò lánàá títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí wọ́n gbọ́ pé afárá ti ṣí. Ní àárọ̀ yìí wọ́n to apẹ̀rẹ̀ sí ẹnu afárá, àwọn oníbàárà gbé ọkọ̀ ńlá wá láti ìhà tiwa, wọ́n bá irin lásán láàárín odò, kò sí pákó. Àwọn ọkọ̀ yí padà. Òòrùn mú, òjò tún dé lé e, àwọn obìnrin jókòó ti apẹ̀rẹ̀ bí ẹni jókòó ti òkú. Àwọn alálùpùpù ló gba ọ̀nà ìfọ́kúta wá ra díẹ̀ nínú rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú.

Mo dúró níhà tiwa. Obìnrin kan tó mọ̀ mí rí mi, ó kígbe láti òkèèrè, "Ohùn ẹ la gbọ́ o! Ohùn ẹ la gbọ́!"

Ìgbà yẹn ni mo rántí fíláàṣì pupa. Èyí tó ní "ó ti ṣí" ló wà nínú rẹ̀.

Ìyàwó Rọra wà lára wọn, torí òdìkejì ni ilé àti oko wọn wà. Rọra fúnra rẹ̀ ló ti pè é lánàá láti inú ọkọ̀ pé kó ká gbogbo oko.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹfà

Akọ̀wé Àgbà pe èmi àti Rọra.

"Ta ló ní kó o lo èyí tó o lò?"

Rọra ní, "Lórí fóònù ni mo ti..."

"Fóònù kẹ̀? Ṣé Ìyá Oníkéde ò sí lẹ́nu iṣẹ́ ní Mọ́ńdè ni?"

Rọra wò mí. N kò wò ó. Mo ń wo aago ara ògiri, aago tí kò ṣiṣẹ́ láti ọdún tó kọjá. Ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé ó ń dúró. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Mo ṣì í mú ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó rò pé wọn á kàn bá òun wí lásán ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé láìgba owó oṣù, títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe orúkọ rẹ̀. Òun ló ń tù mí nínú. "Kò séwu, mà. Ẹ ò lè fi ìyá sílẹ̀ láìtọ́jú ojú wọn. Ọjọ́ díẹ̀ náà ni."

Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ lára nígbà tó lọ tán ni ìtura. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà sẹ́ ẹ lọ́la.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹfà

Akọ̀wé Àgbà fúnra rẹ̀ ló to ọ̀rọ̀ tí n ó kà: "Awakọ̀ ọ́fíìsì wa ló ṣèèṣì lo ìkéde àtijọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ kẹ́dùn pẹ̀lú ẹ̀yin àgbẹ̀."

Mo ní, "Sà, kò sí ìkéde àtijọ́ kankan tó ní afárá ti ṣí. Láti ìgbà tó ti bàjẹ́, kò ṣí rí."

"Ṣé àwọn ará oko á ronú jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo wọ yàrá ìkẹ́rùsí lọ. Ahọ́n mi kọsẹ̀ níbi "awakọ̀". Mo tún un kà kó lè dán. Ọlọ́run ló rí mi o: mo jókòó nínú ooru yẹn, mo ń tún irọ́ ká sílẹ̀ kó lè dùn-ún gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kẹfà

Awakọ̀ tuntun gba iwájú ilé wa kọjá. Mo gbọ́ ara mi. Màmá ní, "Ohùn ẹ mà dùn lónìí."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹfà

Tòmátò wọ́n bí ojú níhà tiwa, èyí tó jẹrà ní òdìkejì sì ń rùn dé ibí tí atẹ́gùn bá fẹ́. Mo ra ata gbígbẹ, mo fi se ọbẹ̀. N kò lè fọwọ́ mi ra tòmátò.

Màmá ti ń ríran dáadáa. Gbogbo nǹkan ló ń ṣàkíyèsí: aláǹtakùn orí àjà, ihò ara aṣọ ìnura, ìdọ̀tí etí ọmọ ọmọ rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà, ó ní,

"Rọra yìí, wọ́n ní ó ṣi nǹkan mú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọjọ́ wo?"

"Mọ́ńdè kan ni."

"Mọ́ńdè tí èmi àtiẹ wà ní ilé ìwòsàn? Tó pè ẹ́, tó ní kó o kí mi?"

Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ó gbé ẹ̀wà sílẹ̀.

"Ojú tí wọ́n ṣe fún mi yìí, mò ń fi í wò ẹ́ o."

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kẹfà

Mo rí Rọra ní oríta, láàárín àwọn alálùpùpù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yá a ní alùpùpù tirẹ̀. Òjò ń pa á, ó fi ọ̀rá bo orí. Ó sáré wá bá mi bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é lóore.

"Ẹ gòkè, mà. N ó rọra."

Mo gòkè. N kò tilẹ̀ ní ibi tí mo ń lọ. Lójú ọ̀nà, mo bi í léèrè ilé. Ó ní ìyàwó òun ń gbé oúnjẹ fún òun láìsọ̀rọ̀. Obìnrin náà gbà pé ọkọ òun ya òmùgọ̀ débi pé ó fi ẹnu ara rẹ̀ ba oko ara rẹ̀ jẹ́.

"O ò sọ fún un bó ṣe jẹ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Háà, mà. Ìyàwó tèmi? Tí mo bá sọ fún un láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ ní ilé yín kó tó di ọ̀sán, kò sì ní nílò gbohùngbohùn."

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí dòní olónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ òní náà ni mo rín in. Mo sọ fún un pé n ó bá Akọ̀wé Àgbà sọ̀rọ̀ lọ́la.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù kẹfà

N kò bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù keje

Nọ́ọ̀sì abẹ́rẹ́ ọmọdé ti òdìkejì odò dé pẹ̀lú àpótí yìnyín rẹ̀, abẹ́rẹ́ kún inú rẹ̀ bó ti kún nígbà tó lọ. Kò sí ìyá ọmọ kan ṣoṣo tó jáde. A kéde rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì gbọ́. Àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń kọjá, wọ́n ń bi ara wọn pé, "Ṣé tuntun ni àbí ti àtijọ́?"

Nọ́ọ̀sì ní ó ti di orin lẹ́nu àwọn ọmọdé. Bí ìyá wọn bá pè wọ́n láti wẹ̀, wọ́n á ní, "Tuntun ni àbí ti àtijọ́?" Òun náà ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ni mo ka ọ̀rọ̀ ìkéde àtijọ́ yẹn sí wọn létí. Nítorí kí n lè bo ara mi, n kò ba Rọra nìkan jẹ́. Mo ti ba etí wọn jẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù keje

Mo lọ bá Akọ̀wé Àgbà. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ilé ìwòsàn, fóònù, pupa. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá Oníkéde, ọ̀rọ̀ tó ti tutù, ẹ má tún gbé e kaná."

"Rọra wà nínú òjò, sà."

"Ìgbìmọ̀ máa jókòó."

"Nígbà wo?"

"Tí afárá bá parí."

Àwa méjèèjì mọ bí afárá yẹn ṣe ń falẹ̀.

Ó tún ní, "Ẹ rò ó wò. Táwọn èèyàn bá gbọ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ ṣì, ta ló máa gba ìkéde wa gbọ́ mọ́?"

"Wọn ò gbà á gbọ́ báyìí náà, sà."

Ó ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Mo padà. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, ara á tù mí. Kò tù mí. Ẹni tí mo sọ ọ́ fún kọ́ ló tọ́ sí.

Ọjọ́rú, 10 oṣù keje

Àwọn tó ń ṣọ́ ìdídò òkè, ìyẹn dáàmù, pè. Omi ti kún ré kọjá ààlà, wọ́n máa ṣí i. Odò wa yóò kún àkúnya lọ́la sí ọ̀túnla. Àwọn ilé ìsàlẹ̀ ní òdìkejì, kí gbogbo wọn kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orí òkè.

Mo ká a lójú ẹsẹ̀. Awakọ̀ tuntun lọ, ó dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orókùn.

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín ni, mà. Baba kan ní kí n bi yín léèrè pé ti ọdún wo nìyẹn. Ìyá kan fún mi lómi mu, ó ní kí n jókòó sinmi, pé gbígbé ìkéde tó ti gbó tó bẹ́ẹ̀ kiri á ti rẹ̀ mí."

Kò sẹ́ni tó kó ẹrù rẹ̀. Ó sì ní òun ò gba ọ̀nà ìfọ́kúta yẹn mọ́ nínú òjò, àyàfi kí wọ́n wá awakọ̀ míì.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù keje

N ó kọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo tètè lọ bá Akọ̀wé Àgbà pé kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Mo ní èmi fúnra mi ni n ó lọ, Rọra ló máa wa ọkọ̀, n ó sì sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ. Ó wo ojú fèrèsé, ó wo òjò. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. "Èmi kọ́ ni mo rán yín o."

Rọra wà ní oríta.

"Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan ọkọ̀ ìjọba mọ́, mà."

"Èmi ni mo ní kó o fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n mú pupa."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò sọ ọ́. Kò pariwo. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni. Odò ń bọ̀, Rọra, àwọn ọmọ rẹ wà nísàlẹ̀ níbẹ̀." Ó gba kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀nà náà ti di ẹrẹ̀ pátápátá. Kò bá mi sọ̀rọ̀, ọkọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. A dé abẹ́ igi tí wọ́n máa ń pàdé sí, mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú máìkì lọ́wọ́ kí wọ́n lè rí i pé ẹnu mi ló ń ṣí. Wọ́n jáde wá wò mí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí mi lójú rí, ohùn mi nìkan ni wọ́n mọ̀. Baba kan bẹ̀rẹ̀, "Ṣé tuntun..." Kí ó tó parí rẹ̀, mo ti ń sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ohùn tó ní afárá ti ṣí, èmi ni. Kì í ṣe ìkéde àtijọ́. Kò sí ìkéde àtijọ́. Mo ká méjì, mo yọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ní kí Rọra mú èyí tí kò yẹ. Ó bi mí léèrè bóyá ó dá mi lójú, mo fi ọ̀rọ̀ gún un lára. Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe. Wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé dípò mi, mo dákẹ́. Mo tún ka irọ́ mọ́ ọn fún yín. Tòmátò yín, èmi ni mo bà á jẹ́."

Gbohùngbohùn gbé e lọ kọjá ilé tó gbẹ̀yìn. Mo gbọ́ bó ṣe ń lọ. Èébú ni wọ́n fi dá mi lóhùn, ó sì tọ́ sí mi. Ẹnì kan sọ tòmátò jíjẹrà lù mí, ó bà mí léjìká. Mo ń pariwo láàárín rẹ̀ pé odò ń bọ̀, pé kí wọ́n bú mi títí dé orí òkè, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa gùn ún lọ.

Kò sẹ́ni tó mira. Nígbà náà ni ìyàwó Rọra jáde láàárín wọn. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Ó wò ó pẹ́.

"O mọ̀, o ò sì sọ fún mi?"

Rọra ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹnu ẹ ni mò ń bẹ̀rù."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi, ó sún mọ́ mi débi pé mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Àǹtí, èmi àtiyín ṣì máa sọ̀rọ̀. Kò tíì tán o. Odò yìí, ṣé ó ń bọ̀ lóòótọ́?"

"Ó ń bọ̀."

Ó wo ojú mi bí ẹni ń wo ọjà tó ti jẹrà rí lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yípadà, ó wọlé, ó pọn ọmọ, ó gbé ìkòkò lé orí, ó sì kọjú sí òkè. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ìyá tó tẹ̀ lé e ní, "Bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran ni," ó sì lọ ká ẹní rẹ̀. Láti ibẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn. Èmi àti Rọra kó àwọn àgbà tí kò lè rìn. Baba "Ṣé tuntun ni" ló gbẹ̀yìn. Ó ń bú mi nínú ọkọ̀ títí a fi gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù keje

Omi dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbogbo ilé ìsàlẹ̀ ti wọmi dé òrùlé, àwọn kan sì ti bá a lọ. Ewúrẹ́ kú, adìyẹ kú. Kò sí èèyàn kankan nínú wọn.

Ilé Rọra wà lára àwọn tó lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù keje

Mo kó aṣọ àti ìkòkò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orí òkè. Ìyàwó Rọra bá mi sọ̀rọ̀ bó ti ṣèlérí. Kò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Oko, ilé, ọ̀sẹ̀ tí kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní èyí tó dun òun jù ni pé òun fi oúnjẹ tí òun ń gbé kalẹ̀ láìsọ̀rọ̀ jẹ ẹ́ níyà láìmọ̀dí. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù. Ó gba ìkòkò, kò gba aṣọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù keje

Ìgbìmọ̀ jókòó, afárá kò sì tíì parí. Wọ́n dá Rọra padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fún èmi ní ìwé ìbáwí. Wọ́n fẹ́ gba máìkì lọ́wọ́ mi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n akọ̀wé tí wọ́n fẹ́ fi dípò mi wọ yàrá ìkẹ́rùsí lẹ́ẹ̀kan, ó jáde, ó ní òun kò wáyé wá yan ara òun nínú ooru.

Mo ti ń ká ẹyọ kan ṣoṣo báyìí. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì dájú, mo máa ń sọ pé kò tíì dájú. Màmá ní ìyẹn ni òun ì bá ti pè ní ọgbọ́n, bó bá jẹ́ pé kí ilé àwọn èèyàn tó wó ni mo ti gbọ́n ọn.

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù keje

Òjò dá. Rọra wá mú ìkéde ọ̀sẹ̀. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè Màmá, ó béèrè ojú òsì tí wọ́n máa ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Mo na fíláàṣì sí i. Kò gbà á.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i."

Mo ní, "Rọra, èmi náà ni o."

"Mo mọ̀, mà."

Ó dúró. Kò bínú, kò sì yẹ̀. Mo jókòó, mo kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Ó kà á tán, ó ká a sí méjì, ó fi í sí àpò àyà rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó gba fíláàṣì, tó sì ṣíná ọkọ̀.